Bí A Ṣe Mú Gáréèjì Bàbá Reino Gbóná

Ọjọ́ Àìkú, 29 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ti lọ́kọ! Ó ti pé ọjọ́ mẹ́rìndínlógún tí mo ti lọ́kọ, n kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí ẹnu máa yún mi tó. Ìwé yìí ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún.

Nígbà tí Joona pe ọ́fíìsì ìgbéyàwó, obìnrin ibẹ̀ ní kò sí àyè títí di oṣù Kejìlá, àfi ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá oṣù yìí, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbéyàwó lọ́jọ́ burúkú bẹ́ẹ̀. Joona ní, "Àwa fẹ́ ẹ." Ìlú Oulu la lọ, kí Màmá mi má baà pàdé wa lójú títì ní Kajaani. A sọ fún gbogbo ayé pé táyà ìgbà òtútù la fẹ́ lọ rà. Iṣẹ́jú méje péré ni gbogbo rẹ̀ gbà. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ méjì ló ṣe ẹlẹ́rìí wa, ọ̀kan nínú wọn ṣì ń jẹ ápù. Lẹ́yìn náà a lọ ra táyà, kí irọ́ wa má baà jẹ́ irọ́. A padà sílé pẹ̀lú táyà mẹ́rin àti ìgbéyàwó kan.

Òrùka mi wà lọ́rùn mi, mo fi okùn so ó sábẹ́ aṣọ. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìkòkò ní ilé ìdáná ilé-ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ó máa ń gbá mi láyà, màá sì máa rẹ́rìn-ín sí ọ̀dùnkún.

Ọkọ mi. Mo tún un kọ: ọkọ mi.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Kẹwàá

Òjò. A sọ fún Bàbá Reino, bàbá Joona, nídìí kọfí àárọ̀, torí òkè ilé rẹ̀ la ń gbé, a ò sì lè máa fi pamọ́ fún un mọ́.

Joona ní, "Bàbá, èmi àti Henna ti ṣègbéyàwó."

Bàbá ro kọfí rẹ̀ títí, bẹ́ẹ̀ kò sí ṣúgà níbẹ̀. "Lóòótọ́?"

"Lóòótọ́ ni, Bàbá."

"Ó dáa."

Ó dìde, ó wọ bàtà, ó jáde lọ. Joona ní inú bàbá òun dùn kọjá ààlà. Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní, "Ṣé o ò rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ̀rọ̀ ni?"

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Oṣù Kẹwàá

Ariwo katakata ló jí wa. Nígbà tí a yọjú lójú fèrèsé, Bàbá ti wa katakata rẹ̀ jáde kúrò nínú gáréèjì, ó ti fi tapólì bò ó lábẹ́ igi. Ó ti gbá ilẹ̀ gáréèjì mọ́ títí dé igun. Kọ́kọ́rọ́ gáréèjì wà nínú ife kọfí mi.

Omijé lé ròrò sójú Joona. Ó ní gáréèjì ni Bàbá fi ta wá lọ́rẹ, pé ká ti ibẹ̀ ṣe ìnáwó wa. Òrùlé gbọ̀ngàn abúlé ti jò, wọ́n ti tì í pa. Inú ilé kò lè gba ju èèyàn méjìlá lọ. Gáréèjì á gba àádọ́ta wẹ́rẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni pé kò yàtọ̀ sí ìta: pákó ìta nìkan ló ní, kò sí nǹkan kan nínú.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Kẹwàá

Mo dá lọ sí Kajaani lọ bá Màmá. Ó ń hun ìbọ̀sẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró bí mo ti ń sọ ọ́.

"Táyà," ni Màmá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ẹ lọ ra táyà, ẹ wá yà gbéyàwó bọ̀, bí ẹni yà ra mílíìkì."

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Mi ò bínú. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, mo kàn fẹ́ wà níbẹ̀ ni."

Mo ní a máa ṣe ìnáwó nínú oṣù Kọkànlá, pé òun la fẹ́ fi sí àga iwájú. Ó bèèrè pé níbo. Nígbà tí mo ní gáréèjì, ni ọwọ́ rẹ̀ tó dúró.

"Gáréèjì? Nínú oṣù Kọkànlá? Henna, ṣé o fẹ́ ṣe ìsìnkú mi pọ̀ mọ́ ọn ni?"

Ó tọ̀nà. Oríkèé ara rẹ̀ kì í gba òtútù. Abẹ́ àgọ́ ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó ọmọ àbúrò rẹ̀ nínú oṣù Kẹfà, oṣù tó gbóná, síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì ló fi dùbúlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní a óò mú un gbóná.

"Ẹ mú un gbóná ná. Mi ò gba déètì kankan lọ́wọ́ yín títí ibẹ̀ á fi gbóná."

Nínú bọ́ọ̀sì, mo tú okùn ọrùn mi, mo wọ òrùka sí ìka. Ó kù díẹ̀ kí n fi han awakọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí Màmá ò bá wá, kì í ṣe ìnáwó ìgbéyàwó la ṣe, àwọn èèyàn kan ló kóra jọ jẹ kéèkì.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Kẹwàá

Ìwọ̀n 3 lábẹ́ òdo láàárọ̀. Mo ti ara mi mọ́ inú gáréèjì lọ́sàn-án láti wo ohun tó ń dúró dè wá. Oòrùn ń gba ojú ihò mọ́kànlélọ́gọ́ta wọlé, mo kà wọ́n. Mo pe Joona kó wá wo bó ṣe rẹwà, bí inú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó ní, "Ìyàwó mi, ihò ni, kì í ṣe fèrèsé."

Ohun tí a máa ṣe nìyí: pátákó adènà-afẹ́fẹ́ lẹ́yìn pátápátá, òwú ògiri tí kì í jẹ́ kí òtútù wọlé láàárín àwọn òpó, ọ̀rá lójú òwú, pákó funfun lójú ọ̀rá. Òkè náà bákan náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kẹwàá

Ọdẹ àgbọ̀nrín ńlá bẹ̀rẹ̀ lónìí. Kò sí ọkùnrin kan lábúlé, obìnrin náà kò pọ̀. Bàbá ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ pẹ̀lú ìbọn rẹ̀, Joona tẹ̀ lé e. Èmi nìkan ni mo kan pátákó mẹ́fà mọ́ ògiri àríwá. Ihò mẹ́tàdínlógún ti lọ.

Tuire, ọ̀gá ẹgbẹ́ ọdẹ, dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó yọrí. Ọmọ ọgọ́ta ọdún ni, ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ rẹ̀ lọ. "Ìyàwó táyà! Ìwọ àti òòlù yẹn, èwo ló gbé èkejì?"

Ìròyìn ti kárí nìyẹn. Mo na ọwọ́ òrùka sí i lókè. Ó tẹ fèrè ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Kẹwàá

Òwú dé. Yúrò mọ́kànlélógójì ni ìdì kan. Ọkùnrin tó gbé e wá ní kò tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ó ń yún ni lọ́rùn, lọ́wọ́, nínú imú. Joona kọ́ mi pé kí n máa gé e kó fi ìka kan fẹ̀ ju àyè tó fẹ́ wọ̀ lọ, kó lè fún ara rẹ̀ mọ́ àárín òpó láìsí ìṣó. Èyí tí mo kọ́kọ́ gé já bọ́ lé mi lórí. Ẹlẹ́ẹ̀kejì dúró. Mo dúró tì í fún ìgbà díẹ̀, mo kàn ń wò ó.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Oṣù Kẹwàá

Ọ̀wẹ̀. Èèyàn mẹ́sàn-án wá, torí ẹgbẹ́ ọdẹ sinmi lónìí. Mo se ọbẹ̀ sọ́séèjì nínú ìkòkò ilé-ìwé tí mo yá, a mu kọfí lẹ́ẹ̀mẹrin, a dáná sáúnà, ilé ìwẹ̀ olóoru, fún wọn nírọ̀lẹ́. Ògiri mẹ́ta àti òkè ti gba òwú tán. Kò sẹ́ni tó sọ pé "a kú iṣẹ́", wọ́n kàn ń bọ́ sídìí iṣẹ́ tó kàn.

Tuire wo gbogbo rẹ̀ nígbà tó ń lọ. Ó ní, "Reino ò wọ aṣọ tó nípọn tó báyìí rí, gáréèjì rẹ̀ ti wá wọ̀ ọ́."

Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Kẹwàá

Yìnyín àkọ́kọ́. Wọ́n pe Joona sídìí ọkọ̀ tí ń kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà. Ó dìgbóṣe, ọkọ mi.

Ọjọ́ Àìkú, 27 Oṣù Kẹwàá

Èmi nìkan ni mo ń ta ọ̀rá mọ́ ògiri lónìí, Joona ṣì wà lójú ọ̀nà. Bàbá wá jókòó lórí àpótí ọtí tó dojú dé, ó ń mu kọfí, ó ń wò mí. Mo rò pé inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ògiri kan àtààbọ̀ ti parí kí n tó rí i pé ojú kan náà ló ń wò.

"Bàbá, ṣé ohun tí mo ń ṣe yìí dáa?"

"Kò dáa."

Òòlù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. "Kí ló dé?"

"Ọ̀rá yẹn. Ó yẹ kí wọ́n gun ara wọn ní ìbú ọwọ́ kan. Tìrẹ kàn fẹnu kora ni."

"Ẹ sì ti jókòó síbẹ̀ láti wákàtí méjì!"

"O ò bi mí."

Mo bi í wàyí pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí mo bá fi í bẹ́ẹ̀. N kò gbọ́ kí Bàbá sọ̀rọ̀ gígùn tó èyí rí. Ó ní, "Omi ni èémí èèyàn. Ẹ fẹ́ kó àádọ́ta èèyàn síbí, pẹ̀lú ọbẹ̀, pẹ̀lú kọfí. Omi yẹn á gba ojú ihò wọnú òwú, á dì síbẹ̀. Tí oòrùn bá padà dé, ògiri rẹ á máa sunkún." Lẹ́yìn náà ó gbé ife rẹ̀, ó wọlé.

Mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. N kò bínú. Orin ni mo ń kọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Oṣù Kọkànlá

Ìwọ̀n 7 lábẹ́ òdo. Pákó funfun ti bo ògiri gbogbo, ó kù díẹ̀ lókè. Ìkọ́ irin mẹ́rin wà lára igi àjà, Joona sì fẹ́ fi ayùn gé wọn. Bàbá yọjú, ó sì sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í: "Ẹ fi ìkọ́ yẹn sílẹ̀."

Joona lu pákó ní ihò yí wọn ká. Mo bèèrè ohun tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe. Ó ní ẹran ẹgbẹ́ ọdẹ ni wọ́n ń so síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí kò sí gáréèjì tó tutù dáadáa bí tiwa. Èmi ní tèmi, fìtílà ni mo máa so kọ́ wọn lọ́jọ́ ìnáwó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kọkànlá

Màmá pè. A sọ̀rọ̀ nípa ìbọ̀sẹ̀, nípa yìnyín, nípa ológbò aládùúgbò rẹ̀. Kò dárúkọ gáréèjì. Èmi náà ò dárúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Oṣù Kọkànlá

Pákó tó kẹ́yìn wọlé ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Joona gbé mi yí gbogbo inú ibẹ̀ ká títí òòyì fi kọ́ wa. Ẹ̀rọ amúlégbóná ti wà lára ògiri. Joona ti ṣètò rẹ̀ kó dá tan fúnra rẹ̀ ní agogo méjìlá ọ̀sán ọ̀la, ká lè mọ ibi tí ooru á dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí oorun tó lè kùn mí báyìí, á pẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kọkànlá

Màá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Yìnyín rọ̀ mọ́jú, Joona lọ sídìí iṣẹ́. Bàbá lọ sóko ọdẹ. Èmi wọ bọ́ọ̀sì lọ bá obìnrin tí ń ṣe kéèkì sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo padà ní agogo mẹ́rin, ilẹ̀ ti ṣú. N kò wọlé lọ gbé báàgì sílẹ̀, gáréèjì ni mo gbà lọ tààrà. Mo ṣí ilẹ̀kùn, ooru sì pàdé mi lójú. Òṣùwọ̀n ooru tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń fi ogún hàn, níta sì jẹ́ 9 lábẹ́ òdo. Ogún! Mo pariwo, mo fò sókè. Ìgbà náà ni mo tan iná, mo sì rí àgbọ̀nrín.

Akọ tó ga ju ẹṣin lọ. Wọ́n ti bó o, wọ́n ti gé e sí mẹ́rin, ìdá kọ̀ọ̀kan wà lórí ìkọ́ tirẹ̀. Ó ń làágùn.

Mo pa ẹ̀rọ, mo sáré lọ pe Bàbá nínú ilé. Ó wọlé, ó wo ẹ̀rọ, ó wo ẹran, ó wò mí.

"Ta ló tàn án?"

"Ó dá tan fúnra rẹ̀ ni, Bàbá. Agogo méjìlá ni Joona ṣètò rẹ̀ sí."

"Agogo mẹ́wàá la so ẹran."

"Ẹ ò sọ fún wa pé ẹ fẹ́ so ẹran!"

"Ọdọọdún là ń so ó síbí. Láti ọdún 1987."

"Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé à ń mú ibẹ̀ gbóná!"

"Mo rò pé ó di ọjọ́ ìnáwó kí ẹ tó tàn án."

Àwa náà rò pé ó ti mọ̀ pé ibòmíràn ni wọ́n á so ó sí lọ́dún yìí. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la ti jọ ń mu kọfí nídìí tábìlì kan náà, kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì. Ó wá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé òun lòun yìnbọn pa á, ọ̀kan ṣoṣo tí òun rí pa lọ́dún yìí.

Tuire dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó fi ìka tẹ ẹran, ó gbóòórùn rẹ̀. "Kò tíì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹran tó bá ti làágùn, a kì í tún un so. Bí a bá sì gbé e síta lálẹ́ òní, á di òkúta kílẹ̀ tó mọ́, kò ní gba ọ̀bẹ. A óò gé e nísinsìnyí."

"Ṣé á le?" ni mo bèèrè. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n máa ń so ó kó lè rọ̀.

"Á le díẹ̀. Eyín wà lẹ́nu wa."

Kí wákàtí kan tó pé, èèyàn mẹ́rìnlá ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú tábìlì, ọ̀bẹ, ayùn àti ẹ̀rọ tí ń lọ ẹran. Ẹnì kan pariwo látẹnu ọ̀nà pé, "Ṣé Ìyàwó táyà ló fẹ́ yan àgbọ̀nrín lódindi?" Tuire ní, "Ó ń kánjú ni, kò tilẹ̀ fi iyọ̀ sí i." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè gbórí sókè, ẹran kéékèèké ni mo ń dì sínú ọ̀rá.

Tuire fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi. "Henna, wo ọwọ́ mi." Kò wọ ìbọ̀wọ́. Ó ti bọ́ aṣọ òtútù rẹ̀ sórí àpótí. Gbogbo wọn ló ti bọ́ ọ. "Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń gé ẹran nínú gáréèjì yìí. Òní nìgbà àkọ́kọ́ tí mo mọ èyí tó jẹ́ ìka mi yàtọ̀ sí ẹran."

Mo lọ wo òṣùwọ̀n. Láti agogo mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni mo ti pa ẹ̀rọ, wọn ò sì yéé ṣí ilẹ̀kùn. Agogo mẹ́fà ti lù, ó ṣì jẹ́ mẹ́rìnlá. Joona dé láti ojú ọ̀nà, mo fi hàn án, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi iwájú orí rẹ̀ ti ògiri.

Ìgbà náà ni fóònù mi dún lórí àpótí. Màmá ni, ó máa ń pè ní agogo mẹ́fà ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ó wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Bàbá ti ń fọ ọwọ́ nínú garawa. Ó nu ọwọ́, ó gbé e. Bàbá Reino, tí kì í gbé fóònù tirẹ̀ gan-an.

"Raili," ó pe Màmá lórúkọ, "Reino ni."

Gbogbo ọ̀bẹ dúró.

"Rárá, ara rẹ̀ yá. Ẹran là ń gé." Ó gbọ́ díẹ̀. "Nínú gáréèjì." Ó tún gbọ́. "Kò tutù. Mẹ́rìnlá ni, a sì ti pa iná rẹ̀ láti ìgbà tó ti pẹ́." Ó wo ògiri, mo sì rò pé ó ti tán. Ó ní, "Ẹ̀yin la ń dúró dè."

Ó na fóònù sí mi, ó padà sídìí ọ̀bẹ rẹ̀.

"Ta nìyẹn?" ni Màmá wí.

"Bàbá Joona ni, Màmá."

"O sọ fún mi pé kì í sọ̀rọ̀."

"Kì í sọ̀rọ̀, Màmá."

Màmá ní, "Ẹ jẹ́ kí òtútù gidi dé ná. Màá gbọ́ bó bá ṣe rí."

Ọjọ́ Àìkú, 10 Oṣù Kọkànlá

Àyájọ́ àwọn bàbá. Mo ṣe kéèkì oníkárọ́ọ̀tì fún Bàbá, ó jẹ ègé mẹ́ta. Lẹ́yìn kọfí, mo bi í ní gbogbo ohun tó wà lọ́kàn mi. Níbo la óò ti máa so ẹran? Inú abà Tuire. Ibí la óò ti máa gé e. Ṣé ó ń bínú? Rárá. Ṣé ògiri náà dáa? Ó dáa.

Ọjọ́rú, 13 Oṣù Kọkànlá

Ìwọ̀n 24 lábẹ́ òdo. Ọ̀nà imú ń dì mọ́ra. Ẹ̀rọ tàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láti àárọ̀, inú gáréèjì sì jẹ́ 19. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ wá gbogbo ògiri láti igun dé igun. Ibì kan tutù lẹ́bàá ilẹ̀kùn ńlá. Joona tú pákó ibẹ̀, òwú ti rọ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀, a fún tuntun sí i. Ibi tó kù gbẹ táútáú. Mo ya fọ́tò òṣùwọ̀n, ti inú àti ti ìta, mo fi ránṣẹ́ sí Màmá.

Kò fèsì.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kọkànlá

Mo ń bu ọbẹ̀ ẹ̀wà fún àwọn ọmọ ilé-ìwé nígbà tí fóònù gbọ̀n nínú àpò mi. Màmá ni.

"Ta ló ń bá yín ṣe páì ìrẹsì?"

"A ò tíì rí ẹnìkan, Màmá."

"Mo mọ̀. Igba kò ní tó, ọ̀ọ́dúnrún ni. Màá wá ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí n lè rí àyè ṣe é. Sọ fún Reino pé kó jẹ́ kí ààrò rẹ̀ gbóná, mi ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni dúró lé mi lórí." Ó mí kanlẹ̀. "Ó yá, fún mi ní déètì."

Mo bú sẹ́kún lójú gbogbo kíláàsì kẹta. Ọmọbìnrin kan bi mí pé ṣé ọbẹ̀ ló jó mi. Mo ní rárá o, mo ti lọ́kọ ni.

Ọjọ́ Àìkú, 17 Oṣù Kọkànlá

Mo ti kọ káàdì mọ́kàndínlógún, àtẹ́lẹwọ́ mi ń ro mí. Joona ń lẹ sítáḿpù. A bi Bàbá bóyá ó fẹ́ ká fi nǹkan kún un. Ó kà á látòkè délẹ̀, ó ní kí a kọ ọ́ pé kí àwọn èèyàn má wọ aṣọ tó nípọn jù. Torí náà ohun tó wà nínú gbogbo káàdì nìyí:

Ẹ bá wa jẹ, ẹ bá wa mu, nínú gáréèjì Reino. Ẹ má wọ aṣọ tó nípọn jù. Agogo méjì ọ̀sán géérégé, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 Oṣù Kọkànlá.